Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ère: Bí Ìlú Ṣe Ń Rántí Sójà Tó Bógun Lọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin olórí ẹbí, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Iléṣà tí ẹ pa iṣẹ́ tì wá síbí lónìí. Ohun tí ẹ ní ká wá sọ ni bí ìlú ṣe lè gbé ohun ìrántí kalẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wọṣẹ́ ológun tí wọn ò padà wálé. Orúkọ la ó kọ́kọ́ sọ, kó tó kan òkúta, sìmẹ́ǹtì àti fèrè. Orúkọ ni ọ̀pọ̀ ìlú máa ń fi ṣe ìgbẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì niṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àyíká wa ná. Kò sí ọmọ Ọ̀bọ̀kun tó máa kọjá níwájú ère Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé kó ní òun ò mọ ẹni tí wọ́n gbẹ́. Agbógungbórò ni, ó papò dà ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1910. Tí ẹ bá dé Ifẹ̀, ẹ ó bá Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn níbẹ̀, òkúta gbọọrọ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ẹ ó rí ère Mọrèmi tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016, tí òun ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ń gbé, Fájuyì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ lè fi ọdún kan gbáko sọ pé "Fájuyì ni mò ń gbé" kó má mọ̀ pé sójà ni ọkùnrin náà, pé òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross nítorí ohun tó ṣe ní Kóńgò, pé wọ́n pa á pẹ̀lú Ọ̀gágun Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, nítòsí Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ kan náà ni pẹ̀lú ọjọ́ ikú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé, ọdún 56 ló wà láàrin wọn. Ẹni tó bá ń wá ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ wa lè fi kọ́ ìtàn méjèèjì pọ̀ ti rí i.

Àmọ́ èèyàn ńlá ni gbogbo àwọn tí a dárúkọ yìí. Ogun Kírìjí, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àgọ́ méjèèjì tó tú. Ọdún 16 nìyẹn. Láàrin ọdún 16 yẹn, àwọn wo ló ṣubú lẹ́yìn Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé lójú ogun ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé? Kí ni wọ́n ń jẹ́? Ọmọ Ìlórò ni àbí ọmọ Ìfọ̀fín? Oríkì balógun ò dárúkọ wọn, ère náà ò sì lẹ́nu. Níbi ká gbàgbé ọmọ ogun kékeré, ọ̀kan náà ni ẹnu onírárà àti òkúta agbẹ́gilére. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ìlú tó bá bi wá pé, bí owó tí ẹ ní bá tó ohun kan ṣoṣo, ẹ fi ère sílẹ̀, ẹ fi ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọlá fún jagunjagun o. Wọ́n ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọfà. Ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán kọ́ nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ lára òkú ló ń sọ irú ẹni tí òkú náà jẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bákan náà, tí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ ní láti ṣípà fún un: wọ́n á kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á máa sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á gbé ẹrù náà lọ sínú igbó, kí òkú lè yà kúrò láàrin àwọn tó ṣẹ́kù. Ẹ wá fi èyí wé ìsìnkú sójà. Wọ́n á tẹ́ àsíá aláwọ̀ ewé-funfun-ewé lé pósí, wọ́n á gbé fìlà rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ àti àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ lé e lórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dorí ìbọn kodò, wọ́n á rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mẹta, fèrè á dún, wọ́n á wá ká àsíá náà, wọ́n á fi lé opó tàbí òbí lọ́wọ́. Ìṣípà ni. Ẹgbẹ́ ń tú ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń dá a padà fún ilé. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ọdẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ti sójà fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni ti ẹni tí òkú rẹ̀ ò wálé. Láyé àtijọ́, tí èèyàn bá kú sọ́nà jíjìn, wọ́n á gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sì sin ín bí ẹni sin odindi òkú. Àwọn ọmọ wa tó lọ jagun Hítílà ní Bóma kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ṣubú sí ni wọ́n sin wọ́n sí, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní sàréè tí a mọ̀. Ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Rangoon tí wọ́n ń pè ní Yangon báyìí, ilé òpó gíga kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí a ò mọ ibi tí wọ́n sùn sí lára, orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹbí kan wà ní Iléṣà lónìí tí orúkọ bàbá wọn wà lára òpó òkúta ní Bóma, tí wọ́n sì rò pé kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Àjọ tó ń tọ́jú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Commonwealth War Graves Commission. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1917, ìlànà wọn sì dára: òkúta ọ̀gágun kò gbọdọ̀ ga ju ti sójà kékeré lọ. Òkúta kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 81, ó fẹ̀ ní 38. Báàjì ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ á wà lókè, nọ́ńbà rẹ̀, ipò rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó kú, àmì ẹ̀sìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí bá fẹ́, tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 66 lọ. Àmọ́ wọn ò fi ìlànà yìí bá gbogbo èèyàn lò. Lọ́dún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwé jáde pé àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọn ò dárúkọ wọn, tàbí tí wọn ò rántí rárá, kò dín ní 116,000, ó sì lè tó 350,000. Ará Áfíríkà àti àwọn ará Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn aláàárù tó ru ẹrù ogun pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí àwọn aláṣẹ òyìnbó kan sọ nígbà náà ni pé ọmọ Áfíríkà kò ní mọ rírì òkúta tí a kọ orúkọ sí. Àwa tí a ń kì látorí baba dórí ọmọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí ẹ ó ṣe kó orúkọ jọ nìyí. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan tó mọ ìtàn ilé, ẹnì kan tó mọ̀wé kọ dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn, ẹnì kan tó ti ṣe sójà rí. Ẹgbẹ́ Nigerian Legion, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́, ni ẹ ti máa rí ẹni kẹta. Fọ́ọ̀mù kan ni kí ẹ tẹ̀ fún òkú kọ̀ọ̀kan, kí ó ní àyè fún orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, orúkọ tó fi wọṣẹ́, oríkì rẹ̀, ilé rẹ̀, nọ́ńbà sójà, ipò, ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ọjọ́ àti ibi tó kú, àti ẹni tó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ má ṣe fojú kéré àyè méjì àkọ́kọ́ yẹn. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi wọṣẹ́ sójà nígbà ìjọba òyìnbó kì í ṣe orúkọ ilé wọn. Akọ̀wé á bi ọmọ pé kí lorúkọ rẹ, á ní Lawani. Lawani wo? Kó tó ronú, wọ́n ti kọ orúkọ ìlú rẹ̀ mọ́ ọn: Lawani Ilesha, Sule Ibadan, Audu Kano. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ọmọ Iléṣà nínú àkójọ orúkọ tí Commonwealth War Graves Commission gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀fẹ́ ni láti wò, ẹ má kọ "Ilesa", ẹ kọ "Ilesha" pẹ̀lú h. Ẹ kọ ọ́ sí àyè orúkọ ìdílé. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wá "Ijesha". Orúkọ tí ẹ bá rí, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, torí Lawani Ilesha lè pé mẹ́ta, nọ́ńbà nìkan ló sì lè yà wọ́n. Ti sójà ayé ìsinsìnyí tí kì í ṣe ọ̀fíísà rọrùn jù: nọ́ńbà rẹ̀ ní lẹ́tà NA nínú, nọ́ńbà méjì tó ṣáájú NA ni ọdún tó wọṣẹ́. Tí ẹbí bá ní ọmọ wọn wọṣẹ́ ní 1994 tí nọ́ńbà náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06, ẹ dúró, ẹ tún béèrè. Bóyá wọ́n da ìwé ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ ti àbúrò.

Àṣìṣe tí a máa ń rí jù ni kí ẹnì kan wọ inú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orúkọ ilé, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orúkọ bárékè. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ orí, torí ọmọdé tó fẹ́ wọṣẹ́ máa ń fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má kọ ọjọ́ orí sára òkúta àfi tí ẹ bá rí ìwé ìrìbọmi tàbí irú rẹ̀.

Kí ẹ tó kó orúkọ kankan, ẹ pinnu ẹni tó yẹ. Ẹni tó kú lójú ìjà, ẹni tí ọgbẹ́ pa lẹ́yìn ìjà, ẹni tí àìsàn pa ní bárékè, ẹni tó fẹ̀yìn tì tó kú sílé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. A gbà pé mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹ kó wà lórí òkúta, ẹni kẹrin kó wà nínú ìwé. Ti ẹni tó sọnù ló le jù. Láti Kóńgò 1960, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967, Làìbéríà láti 1990, títí dé ìjà Boko Haram ní Bọ̀rnó, a ní àwọn tí wọ́n kàn sọ fún ilé wọn pé a ò rí i. Ìyá á ní ọmọ òun ń bọ̀. Ẹ má gbẹ́ orúkọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń retí. Ẹ lọ bá ẹbí náà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ pamọ́.

Àwọn kan á béèrè nípa ọdẹ ìlú, fijilanté àti Àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn náà ń kú fún ìlú, àmọ́ òkúta tiwọn ni kí ẹ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ti sójà. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, àwọn ológun kò ní bá yín ṣe ayẹyẹ níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ náà á sì ní ẹ ò jẹ́ káwọn ṣe etùtù tiwọn bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun kan sọ́wọ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò: fọ́tò sójà Bóma tó kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú férémù tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, torí ojú rẹ̀ á ya mọ́ gíláàsì yẹn. Fi fóònù yà á bó ṣe wà, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Wo apá aṣọ rẹ̀. Tí ẹ bá rí aláǹtakùn, 81 (81st West African Division) ni ìpín ọmọ ogun rẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀kọ̀ méjì tó gbé ara wọn kọjá nínú ohun róbótó kan, òṣùká ni ohun róbótó yẹn, òṣùká aláàárù, 82 sì ni tirẹ̀. Ìpín méjèèjì ló jà ní Arakan ní Bóma. Wo àyà rẹ̀: ríbọ́ọ̀nù tó ní ìlà pupa fífẹ̀ láàrin, aró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ìlà ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ là á já, ti Burma Star nìyẹn. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni àmì-ẹ̀yẹ náà, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Fún ìdí èyí, àmì-ẹ̀yẹ nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé bàbá yín ló ni ín. Ẹ wá ìwé tó bá a rìn. Ẹ má sì fi Brasso tí wọ́n fi ń dán irin bó o. Ẹ̀gbin tó ti wọ̀ ọ́ lára ń dáàbò bò ó ju bí ẹ ṣe rò lọ, fífọ̀ lemọ́lemọ́ sì ń jẹ ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ sójà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń fẹ́ kí ọmọkùnrin òkú wọ aṣọ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Òfin Nàìjíríà kọ̀ kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ ológun, sójà ẹ̀ṣọ́ tó bá rí ọmọ náà lójú títì kò ní kọ́kọ́ béèrè ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi aṣọ náà sínú àpótí onígíláàsì, kí kòkòrò má jẹ ẹ́, kí oòrùn má bà á. Àmì-ẹ̀yẹ nìkan ni ọmọ lè fi sáyà, nínú àṣà àwọn ológun Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì: apá ọ̀tún ni ọmọ ń fi ti òbí rẹ̀ sí, torí apá òsì jẹ́ ti ẹni tó gbà á fúnra rẹ̀.

Ó wá kan òkúta. Gíránáìtì dúdú dídán tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì ló dára jù lọ́wọ́ wa. Táìlì tí wọ́n tẹ orúkọ sí máa ń ṣí, irin pẹlẹbẹ máa ń dìpáta tàbí kí olè gbé e. Ẹ jẹ́ ká ní òkúta yín ga ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 80. Ẹ yọ 30 kúrò fún àkọlé lókè àti ààyè ìsàlẹ̀, ó ku 90. Tí lẹ́tà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì, èèyàn á kà á láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ láìní wàhálà. Àlàfo láàrin ìlà kan sí èkejì kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Àwọn agbẹ́kúta máa ń fẹ́ dín in kù kí orúkọ lè pọ̀, wọ́n ń gbàgbé pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́: orúkọ tiwa ní àmì lókè, ó ní àmì nísàlẹ̀, tí àlàfo bá kéré, ẹsẹ̀ "ọ̀" tòkè á lọ gún orí "á" tìsàlẹ̀. Tí ẹ bá fi 3.5 pín 90, ìlà 25 lẹ ó rí. Tí ẹ bá pín in sí òpó méjì, àyè orúkọ 50 ni.

Àmì ohùn yìí gan-an ni ogun. Kọ̀ǹpútà agbẹ́kúta lè má ní ẹ̀yà lẹ́tà tó gbé "ẹ̀" dáadáa, á wá sọ Adébáyọ̀ di Adebayo, tàbí kó fi àpótí òfìfo sí ibi tí "ọ̀" yẹ kó wà. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ tán, kò ṣeé pa rẹ́, òkúta mìíràn lẹ ó rà. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ gan-an. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ pe ẹbí kọ̀ọ̀kan wá, kí wọ́n ka orúkọ òkú wọn sókè ketekete, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á fún wọn. Etí ìyá ló mọ̀ bóyá ọmọ òun ni wọ́n pè. Kí ẹ tò ó ní ọdún ikú, kí ẹ sì tò ó ní á-bí-dí nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ipò tò ó. Orúkọ ẹni tó dáwó kò gbọdọ̀ sí lójú òkúta náà. Bí ẹ kò bá rí bí ẹ ṣe máa kọ̀ fún olóṣèlú, ẹ kọ tirẹ̀ sẹ́yìn, ní lẹ́tà tó kéré ju ti òkú lọ.

Òkúta tí a ń sọ yìí wúwo tó báàgì sìmẹ́ǹtì kan. Gọ́ọ̀mù nìkan kò lè gbé e ró. Oòrùn ọ̀sán á mú un fẹ̀, òtútù òru á mú un sún kì, gọ́ọ̀mù á já, a ó sì bá a nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ìṣó ńlá onírin aláìdìpáta mẹ́rin ni kí ẹ fi dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ti ìpìlẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ da kọnkéré 20 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: sìmẹ́ǹtì páànù kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Fún ìpìlẹ̀ tó gùn ní 150 tó fẹ̀ ní 60, báàgì kan lé díẹ̀ ni yóò gbà, ẹ ra méjì. Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje. Ilẹ̀ wa ní Ìjẹ̀ṣà jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi òjò máa ń wọ́ yanrìn lọ lábẹ́ nǹkan, ẹ la gọ́tà yí i ká. Tí ìlú bá sì ti pinnu pé ère náà gbọ́dọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tó bo ọ̀pá irin inú rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ irin á dìpáta, á wú, ọwọ́ ère á bẹ́. Ẹ sọ fún agbẹ́gilére irú ogun tí ó ń gbẹ́. A ti rí sójà Bóma tí wọ́n fi AK-47 sí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ogun yẹn parí ní 1945, nọ́ńbà ìbọn náà fúnra rẹ̀ sì ń sọ ọdún 1947.

Ibi tí ẹ gbé e sí: ẹ sá fún àárín oríta. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì lójú, katapílà ò mọ akọni. Ẹ gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín àti ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó gbẹ́ ihò kan.

Ọjọ́ ìrántí fúnra rẹ̀ kò le. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ni ìbọn dákẹ́ ní 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n sún un sí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, torí ọjọ́ náà ni ogun yẹn parí ní 1970. Ètò rẹ̀ ni pé àwọn tó ń yan á tò, àlùfáà àti ìmáàmù á gbàdúrà, fèrè á dún orin Last Post, gbogbo èèyàn á dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, fèrè á tún dún láti jí wọn, òdòdó á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìbọn, lẹ́yìn náà ẹyẹlé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló máa ń ṣòro fún wa, torí ẹnu la fi ń ṣọ̀fọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú náà pé, kí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú oríkì ilé kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún ẹnì kan, orúkọ 30 kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹbí á máa dáhùn. Tí ẹgbẹ́ ọdẹ bá fẹ́ yin ṣakabùlà, kí ọlọ́pàá ti mọ̀ sí i ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n má fi ọta kankan sínú rẹ̀.

Ti ẹyẹlé, a ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé wọ́n tú wọn sílẹ̀ àmọ́ wọn ò fò, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ àlá. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọ́n ti gé ìyẹ́ rẹ̀, tó ti wà nínú agọ̀ láti òru láìmu omi, níbo ni yóò fò lọ? Ẹ wá ẹyẹlé lọ́dọ̀ ẹni tó ń sìn ín ládùúgbò, tí yóò fò padà sílé rẹ̀. Ẹ na ìyẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ fún un lómi láàárọ̀, ẹ tọ́jú agọ̀ rẹ̀ sí ibòji, ẹ tú u sílẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ó ku ohun kan tí àwọn ìlú máa ń bá wa jiyàn lé lórí. Nínú àyè orúkọ 50 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, a ní kí ẹ má lò ju 33 lọ nísinsìnyí. Ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, kó dán, kó má ní nǹkan kan lójú. Agbẹ́kúta á fẹ́ gbẹ́ òdòdó tàbí idà síbẹ̀ kó lè gba owó iṣẹ́ sí i, àwọn olóyè á ní àyè òfìfo kò dára lójú. Ẹ má gbà. Ọmọ wa wà ní Maiduguri báyìí.